Ta ló lè kọ lẹ́tà fún mi báyìí o?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Kọ́ìnì àtijọ́ ni mò ń kó jọ, 43 ni wọ́n, yèyé bàbá mi ló fún mi ní èyí tó pọ̀ jù, kọ́bọ̀ 1973 wà ńbẹ̀, pẹ́nì oníhò 1959 náà wà, okùn tí yèyé fi sín in ṣì wà lára ẹ̀. Mò ń bèèrè fún sikọ́láṣíìpù àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó kọ́ìnì jọ, mo ti kọ ẹ́sè, mo ti ya fótò, wọ́n wá ní kí àgbà tó mòye kọ́ìnì kọ lẹ́tà fún mi. Tíṣà wa ní ṣé kì í ṣe oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe (ẹ gbọ́ ná!), ẹni tó ń ta owó àtijọ́ lọ́jà ní àfi kí n fún òun ní pẹ́nì yẹn, mi ò gbà. Ọjọ́ 12 ló kù. Ṣé òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù lè kọ ọ́, àbí dandan ni kó jẹ́ ẹni tó ń kó kọ́ìnì jọ fúnra ẹ̀?