Skánà aláfọwọ́mú wo ló yẹ fún gbígbọ́ bàlúù ológun?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ ra skánà kékeré (rédíò tó ń wá ìkànnì kiri) tí mo lè máa fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú ológun. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń gbé ohùn àwọn bàlúù akérò wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ti ológun bá tilẹ̀ kọjá lórí òrùlé mi, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣé onídíjítà tó wọ́n ni kí n wá ni?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ má tíì náwó sórí díjítà. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ ológun ń bá àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀ sọ ṣì wà lórí AM lásán (ọ̀nà ìgbé-ohùn àtijọ́ tí kì í ṣe díjítà), láàárín 225 sí 400 MHz (ìwọ̀n ìgbì rédíò), nígbà tí ti akérò wà láàárín 118 sí 137 MHz. Ó jọ pé skánà yín kò dé òkè yẹn rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè gba AM níbẹ̀, torí pé FM nìkan ni àwọn mìíràn ń gbà lágbègbè náà. Skánà Uniden BC125AT ń gbà láti 225 dé 380, ṣùgbọ́n kò gba àárín 380 sí 400. Icom IC-R6 kò ní àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀, títo ìkànnì sínú rẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà sì máa ń sú èèyàn.

Ìdáhùn kejì
Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ṣáájú, àmọ́ áńténà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ. Ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ló bá agbègbè 300 MHz mu. Bàlúù tó wà ní gíga mítà 9,000 lè dún sí yín létí láti nǹkan bíi kìlómítà 390, ṣùgbọ́n ilé àti òkè máa ń dí ohùn ẹni tó wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá ń gbọ́ ìdáhùn awakọ̀ láìgbọ́ ìbéèrè.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin orílẹ̀-èdè yín, torí pé àwọn ibì kan wà tí gbígbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà, kò sí skánà títà tó lè tẹ̀lé HAVE QUICK, ìyẹn ètò rédíò ológun tó máa ń fò láti ìkànnì kan sí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, iye owó yòówù kí ẹ san.