Súrùlérè, ta ni wọ́n ní kó ní sùúrù?

OmoMasha
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará Èkó. Masha ní Súrùlérè ni mo dàgbà sí, ọmọ mi wá bi mí lánàá pé kí ni ìtumọ̀ Súrùlérè, mo ní sùúrù ló lérè, ó ní "sùúrù kí ni?", ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí.

Iya Isale Eko
Ìtumọ̀ yẹn dáa, àbúrò. Orúkọ náà ò sì jẹ́ ti Èkó nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà. Àmọ́ tèmi, mi ò lè gbọ́ ọ kí n má rántí 1955, ìgbà tí LEDB (Lagos Executive Development Board, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku) gbé ètò wíwó ilé láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó kalẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ti há jù, ó ti dọ̀tí, wọ́n wá kọ́ ilé tuntun sí Súrùlérè fáwọn tí wọ́n kó kúrò. Ilé yẹn mọ́, ó láyè, ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ara ẹ̀, tí mọ̀lẹ́bí yí i ká, ó wá di ẹni tó ń wọ mọ́tò kó tó dé ọjà, àwọn oníbàárà ẹ̀ sì ti fọ́n ká. Àwọn yẹn gan-an ló nílò sùúrù.

Ara Itire
Òótọ́ ni ìyá sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bíi pé igbó lásán ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o! Àwọn Àwórì ti wà ní Ìtìrẹ́ tipẹ́. Ojúẹlẹ́gba náà, ojúbọ Èṣù Ẹlẹ́gbára ló fún un lórúkọ, kì í ṣe ìjọba. Ó dùn mí báwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe mọ bírííjì ibẹ̀ tí wọn ò mọ ojúbọ.

OmoMasha
Ẹ ṣeun gan-an, mà, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Stadium tó wà ní Súrùlérè ńkọ́, ìgbà wo ló dé?

Ara Itire
1972 ni wọ́n kọ́ ọ tán, nítorí All-Africa Games ti January 1973. Ibẹ̀ náà la ti na Algeria 3-0 ní 1980, tá a gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Sọ ìyẹn fọ́mọ ẹ náà.