Ìyẹ̀wù ìwòran ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n “adènà ohùn” ló ká mi lára jù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe yàrá tí ènìyàn yà sọ́tọ̀ nínú ilé fún wíwo fíìmù, èyí tó ní aṣọ funfun gbàgàdà níwájú, projector (ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ náà) lókè, sípíkà yíká, àti àga ìrọ̀gbọ̀kú. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: tíátà ilé, sinimá inú ilé, àti yàrá àgbéléwò. Ẹnì kan tún ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ohun èlò ibẹ̀, ó sì pe fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní “adènà ohùn”. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù, torí orúkọ yẹn lè ná onílé lówó gidi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti yàrá fúnra rẹ̀. Mi ò fara mọ́ tíátà ilé. Bí Yorùbá bá gbọ́ tíátà, eré orí ìtàgé ló ń wá sí i lọ́kàn, tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn. Sinimá inú ilé yéni, àmọ́ fíìmù gan-an là ń pè ní sinimá nígbà tá a bá ní “mo wo sinimá kan lánàá”, kì í ṣe yàrá.

Àgbéléwò ló le láti kọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ti wà lẹ́nu gbogbo wa. Ohun tá a gbélé wò. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá fún èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń sọ. Fíìmù àgbéléwò ni fíìmù tí kò béèrè pé kéèyàn lọ sílé sinimá. Pálọ̀ lásán pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ti tó o. Yàrá tí à ń sọ yìí wá jẹ́ òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń kọ́ ọ ń sọ pé pálọ̀ ò tó òun. Tá a bá pè é ní yàrá àgbéléwò, yàrá èyíkéyìí tí tẹlifíṣọ̀n wà ni àwọn èèyàn máa gbọ́.

Ìyẹ̀wù ìwòran ni mo mú wá. Ìyẹ̀wù kì í ṣe ibi tí àlejò ń gbà kọjá. Inú lọ́hùn-ún ló máa ń wà, ìmọ́lẹ̀ ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì. Ohun tí yàrá yìí nílò gan-an nìyẹn. Lóòótọ́, yàrá ìbùsùn ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì ló máa ń sọ iṣẹ́ tí yàrá ń ṣe. Kí ẹ má sì gé e kúrú sí ìyẹ̀wù ìran o, torí bákan náà la ṣe ń kọ ìran tí à ń wò àti ìran tí à ń bí, àmì ohùn wọn ò yàtọ̀. Òǹwòran ti mọ́ wa lára tẹ́lẹ̀. Ìwòran á rí ẹbí nínú èdè.

Ó wá ku “adènà ohùn”. Ohun méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń gbé. Àkọ́kọ́ ni kí ìró má jáde kúrò nínú yàrá, kí àwọn tó ń sùn lè sùn. Èkejì ni kí ìró tó wà nínú yàrá má ṣe máa kọlu ògiri kó tún padà wá, èyí tá a mọ̀ sí gbohùngbohùn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú yàrá òfìfo tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe máa han tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Ìyẹn ni fóòmù ń wò sàn. Kò lè ṣe ti àkọ́kọ́. Bí kànìnkànìn ló rí: ó ń mu omi, ṣùgbọ́n a kì í fi dí ojú odò.

Ohun tó ń dí ìró ni ìwúwo àti àìsí àlàfo. Ògiri méjì tí kò fara kan ara wọn, tí afẹ́fẹ́ àti òwú wà láàárín wọn, ilẹ̀kùn tó wúwo, rọ́bà tó dí abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn pinpin. Àlàfo tí kò ju ìka lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn lè ba iṣẹ́ ògiri olówó ńlá jẹ́. Wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé ìró tó rinlẹ̀ jáde, ló tún burú jù. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 34 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 10, torí nǹkan bíi mítà 343 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ni fóòmù tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó bá ka “adènà ohùn” lára páálí á ra ẹrù fóòmù, á lẹ̀ ẹ́ yíká, ìró wúfà á ṣì máa mi yàrá kejì, ohùn inú yàrá tirẹ̀ á sì kú, ọ̀rọ̀ òṣèré á dàbí ẹni fi aṣọ bo ẹnu.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ya wọn sọ́tọ̀: ohun tó ń mu ìró, àti ohun tó ń dí ìró. Ìró ni mo sì sọ, kì í ṣe ohùn, torí ohùn ti ẹnu ni, wúfà ò sì ní ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á fẹ́ sún ọ̀rọ̀ kì sí “adíró”, àmọ́ ó ti jọ dúró jù létí. Kó gùn díẹ̀, kó yéni.

Ibi tí wọ́n ń lẹ ohun tó ń mu ìró sí náà kì í ṣe gbogbo ògiri. Jókòó sórí àga rẹ, kí ẹnì kan máa fi dígí rìn lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tó o bá ti rí sípíkà iwájú nínú dígí, ibẹ̀ ni kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lórí ọ̀dà ògiri, ẹnì kan bínú sí ìtọ́ni tó ní “ẹ kùn ún ní dúdú”, ó ní yàrá ọ̀fọ̀ ni. Dúdú tiwa gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aró tó kún dáadáa, dúdú là ń pè é; ewé tó ṣú, dúdú náà ni. Gbogbo wọn ló bá yàrá yìí mu. Ọ̀rọ̀ tó sọnù nínú ìtọ́ni yẹn ni “tí kò dán”. Ìmọ́lẹ̀ ara aṣọ ìwòran, ìyẹn aṣọ funfun iwájú yẹn, máa ń bá ògiri funfun tàbí ọ̀dà tó ń dán, ó ń padà sára aṣọ, òkùnkùn inú àwòrán á sì di eérú. Àjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, pàápàá apá tó sún mọ́ aṣọ.

Ní ti iye sípíkà, 5.1 tí wọ́n máa ń kọ kì í ṣe “márùn-ún àti ìdá kan nínú mẹ́wàá” bí àkójọ yẹn ṣe túmọ̀ rẹ̀. Sípíkà márùn-ún pẹ̀lú wúfà kan ni. Ti àárín iwájú ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ẹ bá rí 7.1.4, mẹ́rin tó kẹ́yìn wà lókè orí, irú èyí tí ètò ìró tí wọ́n ń pè ní Dolby Atmos mú wọ ilé sinimá ní 2012.

Fún ibi gíga tí wọ́n ń gbé àga ìlà kejì lé kí ẹni ẹ̀yìn lè ríran kọjá orí ẹni iwájú, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá nǹkan kan. Pèpéle ni. Bí ẹ bá fi pákó kàn án, ẹ fi òwú kún inú rẹ̀, kó má baà máa dún bí ìlù. Aṣọ ìwòran tí mo lò fún ojú funfun yẹn ni mi ò tíì fi ọkàn tán. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá.