Hotspot tí wọ́n tì pa nínú fóònù tí mo fowó mi rà

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi lórí fóònù tòkunbọ̀. Tèmi náà rèé láti Kàbà.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní lẹ́bàá ọjà, mo máa ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Fóònù ni mo fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bà jẹ́, mo ra tòkunbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bátìrì rẹ̀ lágbára. Mo ki SIM Nàìjíríà bọ̀ ọ́, ó ń pè, ó ń gbé dátà. Hotspot, ohun tí fóònù fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, ló kọ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó yí, ó yí, ló bá gbé e jáde pé àkáǹtì mi kò ní àṣẹ láti lò ó, kí n pe ilé iṣẹ́ tó ni ìlà. Ilé iṣẹ́ wo? Àwọn ará òkè òkun tí èmi àtàwọn kò da nǹkan kan pọ̀ rí! Dátà tí mo rà ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìforúkọsílẹ̀ sì ti ń parí lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló tú àṣírí náà. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìlà àṣẹ kan péré, èyí tó ní tether_dun_required nínú, ó sì fi òdo parí rẹ̀. Ó ní kí n dán an wò. Ó ṣí! Kò fi nǹkan kan kún un, kò tú ìdí rẹ̀. Ohun tí mo rà ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Ẹnìkan ló tì í, tó ń retí owó kó tó ṣí i. Inú bí mi gidi, ó ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí irú èyí ti wà. Ní 2004, Verizon, ilé iṣẹ́ ìlà fóònù kan ní Amẹ́ríkà, ta fóònù Motorola V710 tó ní Bluetooth, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa apá tó ń gbé fáìlì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbowó lé ni wọ́n fẹ́ kí oníbàárà fi àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2012, FCC tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà wádìí wọn lórí pé wọ́n ní kí ọjà áàpù kan dí àwọn áàpù hotspot, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń gba $20 lóṣooṣù fún un. $1.25 mílíọ̀nù ni wọ́n san láti parí ọ̀rọ̀ náà.

*

Èmi ń kọ láti Ìsánlú. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò tilẹ̀ gba SIM, kóòdù ló ń béèrè. Àbúrò bàbá mi ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. A pè é, àṣé owó fóònù náà kò tíì tán lọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún un. Nígbà tó san án tán, wọ́n ṣí i. Èyí yé mi, gbèsè ni. Ti hotspot yín ni mi ò lè gbà, torí kò sí gbèsè kankan lọ́rùn yín.

*

Òótọ́ lo sọ, àbúrò mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ báyìí, kó mú SIM tirẹ̀ dání, kó sì tan hotspot lójú ẹni tó ń tà á kó tó kówó sílẹ̀. Bó bá kọ̀, kó gbé e padà fún un.