Níbo ni mo ti lè rí abẹ́rẹ́ olóṣù méjì ní Ìkéré tàbí Adó?

Ìyá Dàmọ́lá (Ìkéré-Èkìtì):
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi débi pé n kì í sùn dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù méjì, Noristerat, ni mò ń gbà láti ìgbà tí mo ti já ọmọ mi kẹrin lẹ́nu ọmú, ó sì bá mi lára mu. Ọ̀dọ̀ màmá kan tó ní kẹ́míìsì nítòsí ilé wa ni mo ti ń gbà á. Àfi bí màmá ṣe kó lọ bá ọmọ wọn l'Ékòó, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá gba ilé ìlera ìjọba lọ. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun ò ní fún mi lábẹ́rẹ́ kankan. Lójú gbogbo èrò! Ọmọ tí mo lè bí! Ó ní kí n lọ rí dókítà. Ṣé àìsàn ló ń ṣe mí ni, tí n ó fi máa wá dókítà kiri nítorí abẹ́rẹ́? Mo bínú jáde.

Nílé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ò dá sí i. Àbúrò wọn obìnrin ló ń sọ kiri àdúgbò pé n ò fẹ́ bímọ fún ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Ọmọ mẹ́rin! Owó ilé ìwé tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé wọn wálé, ta ló san án bí kì í ṣe èmi tí mò ń ta gààrí?

Ọmọkùnrin oníkẹ́míìsì kan ní Adó yọ ìgò kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Bébà ara rẹ̀ ti ya, ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí ti pa rẹ́. Ó ní ìyẹn ló kù, owó tó sì pè é ju ìlọ́po méjì iye tí mò ń san tẹ́lẹ̀. N ò rà á, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi kí n padà lọ. Ta ló mọ ibi tí ojúlówó wà?

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé):
Ẹ má ra ìyẹn o! Olóṣù mẹ́ta lèmi ń gbà. Nǹkan oṣù mi ò wá mọ́, ni ìyá ọkọ mi bá ní ẹ̀jẹ̀ ń gbá jọ sí mi níkùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí lọ sọ́dọ̀ alágbo. Nọ́ọ̀sì ló là á yé wa pé oògùn náà kì í jẹ́ kí ilé ọmọ nípọn bíi tàtẹ̀yìnwá, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó gbá jọ. Mo sanra sí i o, n ò ní parọ́.

Bàbá Ayọ̀ (Ìjerò):
Abẹ́rẹ́ yìí kan náà ló sọ ìyàwó àbúrò mi di ẹni tó ń wá ọmọ kiri. Ẹ padà sí òrùka àwọn bàbá wa.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé):
Bàbá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, sà. Orí òrùka ni mo ti lóyún àwọn ìbejì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìdó-Èkìtì):
Bàbá Ayọ̀, abẹ́rẹ́ kì í sọ obìnrin di àgàn. Olóṣù mẹ́ta ló máa ń pẹ́ kí ọmọ tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a dúró, ó lè tó oṣù mẹ́wàá tàbí ọdún kan, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bèèrè ìgbà téèyàn tún fẹ́ bímọ kó tó yàn án.

Ìyá Dàmọ́lá, ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn? Kí sì ni nọ́ọ̀sì yẹn ṣe kó tó ní òun ò ní fún yín?

Àbẹ̀kẹ́ (Adó):
Ẹ bèèrè Sayana Press. Abẹ́ awọ ni wọ́n ń fún un sí, wọ́n á kọ́ yín, ẹ ó máa fún ara yín nílé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mò ń fún ara mi, ní itan. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa wò yín látòkè délẹ̀ mọ́.

Ìyá Dàmọ́lá:
Ẹ ṣeun, Àbẹ̀kẹ́. Èló ni? Ṣé ó wà ní Ìkéré? Bàbá Ayọ̀, ẹ má bínú, òrùka kọ́ ni mo bèèrè. Ẹ tún wá gbọ́ o, àbúrò ọkọ mi tún pe màmá wọn lánàá…

Màmá Ìlawẹ̀:
Ọmọ mi, fi àbúrò ọkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi ọ́ ní ìbéèrè méjì, o ò dáhùn ọ̀kan. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ kì í fi nǹkan pamọ́.

Bàbá Ayọ̀ (Ìjerò):
Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Àbẹ̀kẹ́ (Adó):
Ẹ̀yin tún ti dé.

Ìyá Dàmọ́lá:
Màmá, n ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo gbà á kẹ́yìn, torí n ò rí i rà ni. Nọ́ọ̀sì yẹn so nǹkan mọ́ mi lápá, ó wọn ìfúnpá mi, ó ní 170 lórí 110. Oòrùn tí mo rìn ló fà á, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí mi nílé. Màmá oníkẹ́míìsì ò wọn nǹkan kan fún mi rí, abẹ́rẹ́ sì ń ṣiṣẹ́. Orí máa ń fọ́ mi láàárọ̀, ìyẹn ti pẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìdó-Èkìtì):
Ìyá Dàmọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn lè má mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sì yẹ kó dójú tì yín láàárín èrò, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀mí yín rò. Tí ìfúnpá bá ti tó 160 lókè tàbí 100 nísàlẹ̀, a kì í sáábà fúnni lábẹ́rẹ́, ìbáà ṣe olóṣù méjì tàbí olóṣù mẹ́ta. Oògùn kan náà ló wà nínú Sayana Press àti Depo-Provera, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn náà kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Tí ojú yín bá ń ṣú tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má tilẹ̀ dúró mu omi.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún oyún pẹ̀lú. Olóṣù méjì kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ gba òmíràn, tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù ni kí ẹ máa lò ní báyìí. Tí kò bá sí oyún, ẹ bèèrè wáyà inú ilé ọmọ, èyí tó ní kọ́pà. Kò ní oògùn kankan tó ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń lò tó ọdún mẹ́wàá. Ti apá náà wà, ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, ó ń lò tó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Òun náà ṣeé gbà tí dókítà bá yẹ̀ yín wò.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé):
Ìfúnpá ló gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nínú ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ò gbé nǹkan títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Ìyá Dàmọ́lá:
Ṣé wáyà yẹn, bàbá àwọn ọmọ ò ní mọ̀ ọ́n lára?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìdó-Èkìtì):
Okùn tín-ín-rín ló ní. Tó bá ń gún wọn, wọ́n á gé e kúrú sí i. Nǹkan oṣù lè pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ fún oṣù mélòó kan, kí ẹ mọ̀.

Ìyá Dàmọ́lá:
Ó dáa. Mo ti ní kí aládùúgbò bá mi wo gààrí. Ṣùgbọ́n n ò ní padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn o. Adó ni mò ń lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìdó-Èkìtì):
Adó dára. Ẹ sọ 170 lórí 110 yẹn fún wọn ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó jókòó, kí wọ́n lè tètè dá yín lóhùn.