Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oníbàárà fẹ́ gba Àmọ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú ń bí mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ìyá kan tó ní ilé-ìwé aládàáni ní Ọ̀ffà ló gbé iṣẹ́ ìwé ọmọdé fún mi. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà nínú ìtàn náà, Àmọ̀kẹ́, tó ń bá ìyá rẹ̀ àgbà mọ ìkòkò. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti wọlé ni mi ò ti sùn dáadáa mọ́. Iná ọba kì í wá lásìkò, epo jẹnẹrétọ̀ di ọ̀wọ́n, bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì mi náà ti ń ṣàárẹ̀. Òru ni ìyá yìí máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ojú ọmọ yìí ti kéré jù." Mo mú un tóbi. Ó ní ó ti dà bí òwìwí. Mo dín in kù, ó ní ọmọ náà ń fojú di òun! Ọkọ rẹ̀ ní kí n fi ìbòrí sí i lórí torí àwọn tó máa rà á n'Ílọrin, ìyá ní kí irun rẹ̀ hàn torí àwọn ará Òmù-Àrán. Mo ya méjèèjì. Wọ́n tún ní kí ló dé tí ìka rẹ̀ fi jẹ́ mẹ́rin. Kátúùnù ni, ẹ jọ̀ọ́!

Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti gún, tí mo ti ya iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo ti ya ẹ̀rín, ẹkún, ìbínú àti ìtìjú rẹ̀, ìyá ní kí n kó gbogbo fáìlì tó ní layer ránṣẹ́, ìyẹn èyí tí apá kọ̀ọ̀kan àwòrán wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹlòmíràn lè tún ṣe. Ó fẹ́ tẹ Àmọ̀kẹ́ sára àpò ọmọ ilé-ìwé àti ìgò omi, ọmọkùnrin kan l'Ékòó yóò sì sọ ọ́ di fíìmù. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi bí! Ṣé kí n fún un ni, àbí kí n má fún un?

Ìyá Ìbejì Gàá-Àkànbí:
Má fún un! Báyìí náà ni mo ṣe ya àmì ọjà, ẹyẹ kan, fún obìnrin kan tó ń ta aṣọ òfì, ló bá gbé e fún ẹlòmíràn kó fi kún un. Mo ń kọjá lọ́jà lọ́jọ́ kan, mo rí àmì mi lára ọ̀rá, wọ́n ti yọ orí ẹyẹ náà. Ẹyẹ tí kò lórí! Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí ẹ máa ń yára fi nǹkan sílẹ̀ jù.

Ọmọ Ìyẹ̀rú:
Kí ni Ọ̀ffà ṣe fún yín gan-an? Ìyá náà ni oníbàárà, owó ló ná. Bí mo bá rán aṣọ, ṣé télọ̀ á ní òun ló ni ín? Ọ̀rọ̀ ìka yẹn pàápàá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé ilé-ìwé ni. Àwọn ọmọ á kà á, wọ́n á ní, "Àǹtí, ìka Àmọ̀kẹ́ ò pé."

Ìyá Ìbejì Gàá-Àkànbí:
Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, a ti mọ̀. Ta ló pè ọ́ síjà?

Onítẹ̀wé Ìlọrin:
Ẹ jẹ́ n bá àwọn ayàwòrán wí díẹ̀. Ẹ máa ń gbé àwòrán orí fóònù wá bá wa, RGB, ìyẹn àwọ̀ iná ojú fóònù, tó ń dán bíi góòlù. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán tó wá ṣú, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pariwo. CMYK, àwọ̀ yíǹkì ìtẹ̀wé, ni kẹ́ ẹ kó wá, kó jẹ́ 300 dpi (ọ̀ọ́dúnrún àmì tóótòòtó nínú íǹṣì kan) ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tí ìyá náà bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára àpò, fáìlì tó dáa ló nílò lóòótọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ jà ọ́ lólè.

Bàbá Kátúùnù:
Àbúrò, o kọ púpọ̀, àmọ́ o ò tíì sọ ohun tí a fi lè dá ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ kọ ìwé àdéhùn? Owó tó san, ti ìwé nìkan ni àbí ti ọmọ náà lápapọ̀?

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ (Copyright Act) wa ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó ya iṣẹ́ ló ni ín, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ sanwó fún un, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Tí o bá sì fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Nítorí náà, Ọmọ Ìyẹ̀rú, ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ò bá a mu. Àmọ́ tí o bá ti fọwọ́ sí nǹkan láìkà á, ẹjọ́ yí padà nìyẹn. Ní 1938, dọ́là 130 péré ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó dá Superman sílẹ̀ gbà tí ó fi di ti iléeṣẹ́. Walt Disney pàápàá pàdánù ehoro kátúùnù rẹ̀, Oswald, ní 1928, torí iléeṣẹ́ fíìmù Universal ni ìwé sọ pé ó ni ín. Ìyẹn ló sún un débi tí wọ́n fi ya eku Mickey. Ó di 2006 kí iléeṣẹ́ Disney tó rí ehoro yẹn gbà padà, Walt ti kú tipẹ́.

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Ẹ ṣeun, bàbá. Mickey tí ẹ dárúkọ yẹn, ìka mẹ́rin ló ní! Kí Ọmọ Ìyẹ̀rú lọ bá a jà.

Bàbá Kátúùnù:
Ìbéèrè méjì ni mo bi ọ́, o dáhùn ti ìka.

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Ẹ má bínú, sà. Kò sí ìwé àdéhùn kankan, orí WhatsApp la ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó ti san owó ìwé pé, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Kò sọ ti àpò, kò sọ ti fíìmù nígbà yẹn.

Ìyá Ìbejì Gàá-Àkànbí:
Ẹ ò ríi? Mo ti sọ ọ́. Má fún un!

Bàbá Kátúùnù:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó ìwé ló san, ti àpò àti fíìmù ṣì kù. Àmọ́ ṣe nǹkan kan fún mi. Mú Àmọ̀kẹ́, fi dúdú kún gbogbo ara rẹ̀, kó ku òjìji nìkan. Ohun tí ọmọdé á fi dá a mọ̀ nínú òjìji yẹn, òun gan-an ni ẹ̀dá náà. Àwọ̀ aṣọ àti ojú wá lẹ́yìn. Kí lo rí?

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Irun rẹ̀ ni, ó dì í sí méjì, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ìkòkò tó fi sórí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀. Eyín tó já kò hàn nínú òjìji, àmọ́ òun náà wà ńbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú èyí tí ìyá náà fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Kátúùnù:
Èwo ló fi ránṣẹ́?

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló yà á sẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àwòrán o. Kò lọ́rùn. Apá rẹ̀ yọ láti etí. Èmi ni mo sọ ọ́ di ènìyàn, èmi ni mo mọ bó ṣe máa rí tó bá yípadà, èmi ni mo fún un ní ìwọ̀n orí mẹ́ta, ìyẹn pé gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta orí rẹ̀.

Ọmọ Ìyẹ̀rú:
Hàáà! Látàárọ̀ lo ti ń pariwo "ọmọ tí mo bí".

Ìyá Ìbejì Gàá-Àkànbí:
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò sí ńbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ!

Bàbá Kátúùnù:
Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Àmọ́ àbúrò, òfin ò bèèrè ọrùn, kò sì bèèrè ọjọ́ orí. Irun, ìkòkò àti ẹsẹ̀ yẹn, ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Èyí tí o yà látinú rẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí o fi kún un, àmọ́ o ò lè gbé Àmọ̀kẹ́ rìn láìsí àṣẹ wọn. Àwọn náà ò sì lè lo ìlà tìrẹ sára àpò láìbá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó fáìlì tó ní layer, iye tí yóò máa kàn ọ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ tó máa wà lórí ìwé. Kó tó di pé ẹ pàdé, PNG àti PDF, àwòrán tó ti parí tí kò ní layer, ni kó ṣì máa lò fún ìwé rẹ̀. Má pa WhatsApp yẹn rẹ́ o, ẹ̀rí ni.

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Orúkọ ọmọ yẹn á wá wà lórí ìwé pẹ̀lú tèmi? Èmi tí mo lọ yunifásítì?

Ọmọ Ìyẹ̀rú:
Kó ṣáájú tìẹ pàápàá. Ìka márùn-ún ni ọmọ yẹn yà fún un, mo fi dá ọ lójú.

Ayàwòrán Tánkẹ́:
Mẹ́fà ló yà lọ́wọ́ kan.

Onítẹ̀wé Ìlọrin:
Ẹ jẹ́ n bi yín, àpò yẹn ńkọ́, àwọ̀ mélòó ló máa wà lára rẹ̀? Síkírìnì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a nà mọ́ férémù, la fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní síkírìnì tirẹ̀. Tí ó bá lè dín wọn kù sí mẹ́ta, owó ìyá náà á rọ̀. Sọ fún un pé mo wà n'Ílọrin o.