Àbúrò mi kì í sùn lóru mọ́ nítorí fóònù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Agbowó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Agbowó ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Sángo, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, fóònù ti gba gbogbo òru lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ta jí, ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo máa ń rí lábẹ́ aṣọ tó fi bora. Bí a bá ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àmàlà, ọwọ́ òsì ń fa TikTok sókè. Bí NEPA bá mú iná lọ tí bátìrì sì ti kú, kò ní lè jókòó: á jáde, á wọlé, títí á fi rí ibi tí yóò ti ṣáàjì. Ọ̀gá rẹ̀ pè mí pé ó ń sùn nídìí maṣíìnì.

Bàbá wa ní kí n gba fóònù náà pamọ́. Ọkàn mi ò gbà á, torí orí WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń fi sitáìlì ránṣẹ́ sí i, YouTube ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé súùtù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má gbà á o. Ọmọ ọdún 22 kì í ṣe ọmọdé. Bí o bá gbà á, á yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì ní bá ọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. O sọ pé láti bí oṣù mélòó kan ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn? Lọ wádìí ìyẹn ná.

Atúnfóònùṣe, Ìwó Road:
Àǹtí mi, ẹ kú àníyàn. Ẹ má rò pé ọmọ yẹn ya ọ̀lẹ. Láyé àtijọ́, ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tán, èèyàn á ní láti tẹ èyí tó kàn, ibẹ̀ ni yóò ti rántí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ní 2006, ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Aza Raskin, ṣe ọgbọ́n kan tí kì í jẹ́ kí ojú ewé tán mọ́ béèyàn ṣe ń fà á. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ Android ló ń lò, ẹ ní kó wọ Settings, kó wá Digital Wellbeing. Ó lè fún TikTok nìkan ní ìwọ̀n àkókò lójúmọ́, kó fi WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Bedtime mode wà níbẹ̀ tó máa sọ ojú fóònù di dúdú òun funfun tí àkókò oorun bá tó. Lórí iPhone, Screen Time ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é o. Tẹ́ ẹ bá bá a ṣe é, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi tú u.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Ibi tí Ìyá Ìbejì fọwọ́ bà yẹn gan-an ni. Èèyàn méjì lè lo iye wákàtí kan náà lórí fóònù: ọ̀kan ń wá iṣẹ́ tàbí ìròyìn, èkejì ń sá fún ìrònú tàbí ìdánìkanwà. Ẹni kejì yìí ló máa ń há sí i jù. Olùwádìí kan, Daniel Kardefelt-Winther, kọ̀wé lé e ní 2014 pé ká kọ́kọ́ wo ohun tí èèyàn ń fi íntánẹ́ẹ̀tì dí nínú ayé rẹ̀. Ẹ má sì pè é ní aláìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka géèmù àṣejù mọ́ àìsàn nínú ìwé wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, wọn ò ka fóònù mọ́ ọn.

Oorun ni kẹ́ ẹ tètè dáàbò bò. Ẹ ra aago kékeré tó ń jí èèyàn fún un, kí fóònù máa sùn ní pálọ̀. Tó bá wá di pé kì í jẹun, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró rárá, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní UCH.

Àǹtí Agbowó:
Ẹ ṣé gan-an ni mà, Ìyá Ìbejì. Mo bi í léèrè lánàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ló jápa lọ sí Toronto. Tó bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀gànjọ́ ti lù níbí. Àbúrò mi á máa fi TikTok dúró dè é. Nígbà míì onítọ̀hún ò ní pè, òun náà ò sì ní lè sùn mọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà:
Ah, ọmọ ọlọ́mọ! Ẹlẹ́gbẹ́ ló ń wá. Ní kí àwọn méjèèjì fi ìpè wọn sí ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Tí aago mẹ́ta bá lù níbí, àárọ̀ ni lọ́hùn-ún. Kó o sì bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè gba ọmọ iṣẹ́ míì tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó má dá jókòó ti maṣíìnì látàárọ̀ dalẹ́.

Àǹtí Agbowó:
Màá ṣe bẹ́ẹ̀ mà. Ó ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aago. Mo máa rà á ní Gbági lọ́la.